Orúkọ olùkọ́ mẹ́fà tí wọ́n fi àwọ̀ pupa kùn: báwo la ṣe lè fi àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣètò ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́?

Olùkọ́ Ìṣirò, Texas (Ọjọ́ Ajé)

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú òpin sáà. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní ìpínlẹ̀ Texas, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní community college. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹ̀ka wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díìnì pè mí sí ọ́fíìsì, ó sì fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Gbogbo olùkọ́ tó ń kọ́ áljẹ́brà ni wọ́n to orúkọ wọn síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ ìdá akẹ́kọ̀ọ́ tó yege lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ rẹ̀. Ohun tí ẹni tó wà lókè ní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó wà nísàlẹ̀. Orúkọ mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi àwọ̀ pupa kùn. Díìnì ní kí n wá ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó bá àwọn mẹ́fà yìí mu kí sáà tuntun tó wọlé ní ìparí oṣù Kẹjọ.

Mo gba ìwé náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yìí ni ìyá kan tí mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀ fún odindi sáà kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mo ń wo bí ó ṣe ń fi sùúrù ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tètè yé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Mi ò lè gbà pé kò mọ iṣẹ́.

Mo mọ ohun tó ń lé díìnì náà. Òfin tí ìpínlẹ̀ wa ṣe ní 2023 ti so púpọ̀ nínú owó tí ìjọba ń fún kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí tàbí tó tẹ̀ síwájú lọ sí yunifásítì, nítorí náà kíláàsì tí ọ̀pọ̀ ti ń fìdí rẹmi ti di ọ̀rọ̀ owó. Ṣáájú ìyẹn, òfin 2017 ti ní kí a yé dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìpìlẹ̀ wọn kò lágbára dúró sínú kíláàsì ìpalẹ̀mọ́ tí kò ní kírẹ́dì. Inú kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an ni kí wọ́n wọ̀, kí a sì fi kíláàsì àtìlẹ́yìn kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sáà kan náà. Iṣẹ́ wa yí padà lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é.

Ìbéèrè mi nìyí. Báwo ni mo ṣe lè ka irú àkọsílẹ̀ yìí láì ṣì í kà? Báwo ni ènìyàn ṣe ń ti orí nọ́ńbà dé orí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ nílò gan-an? Ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni wà lórí ìwé náà? Ẹni tó bá ti tọ ọ̀nà yìí rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Òṣìṣẹ́ Àkọsílẹ̀, Maryland (Ọjọ́ Ajé)

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ́fíìsì tó ń kó àkọsílẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ, tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti ṣe irú ìwé tí díìnì fún yín yìí rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ọdún méjì gbáko ni àwọn olùkọ́ fi ń sá fún ọ́fíìsì wa lẹ́yìn tí ó jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó béèrè ni iye sáà tí wọ́n kà. Bí kíláàsì kan bá ní akẹ́kọ̀ọ́ 24, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ju 4% lọ. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mẹ́ta nínú wọn, tàbí tí ọmọ wọn ṣàìsàn ní oṣù Kẹwàá, olùkọ́ náà ti já wálẹ̀ ju 12% lọ láìjẹ́ pé ó yí ohunkóhun padà nínú bí ó ṣe ń kọ́ni. Ẹ ní kí wọ́n pa sáà mẹ́fà pọ̀, ó kéré tán. Ẹ óò rí i pé àwọ̀ pupa yóò kúrò lórí àwọn kan, yóò sì lè bọ́ sórí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò fura sí.

Èkejì, ọ̀rọ̀ náà "kò yege" bo ohun mẹ́ta mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí olùkọ́ nílò láti kọ́ yàtọ̀ síra nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan wà tí wọ́n fa orúkọ ara wọn yọ lẹ́yìn tí a ti ka orí akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó jẹ́ ọjọ́ kejìlá ẹ̀kọ́ ní Texas tiyín ní sáà gígùn. W ni yóò wà níwájú orúkọ wọn. Àwọn kan jókòó títí dé ìdánwò àṣekágbá, wọ́n ṣe gbogbo iṣẹ́ àmúrelé, wọ́n sì gba F. Àwọn kan náà gba F, ṣùgbọ́n wọn kò yọjú mọ́ láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọn kò kàn fa orúkọ wọn yọ ni. Bí ẹ bá kó àwọn wọ̀nyí sínú àpò kan náà, ẹ ó wá olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ áljẹ́brà fún olùkọ́ tí ìṣòro rẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì kọ ìdánwò kankan. Ẹ má sì gbàgbé D. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń kà á mọ́ àwọn tó yege, ọ̀pọ̀ yunifásítì kò sì ní gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀kẹta, ta ló ń wọ kíláàsì ta? Olùkọ́ tó ní kíláàsì aago 10 àárọ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣí kíláàsì fún ní ọjọ́ mẹ́ta kí sáà tó wọlé kò gba irú akẹ́kọ̀ọ́ kan náà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀ ní gbólóhùn tó pé, kí ẹ gbé e wá fún ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ yín. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wa pé "ẹ fún mi ní dátà," nǹkan púpọ̀ ni a óò dì fún un, kò sì ní rí nǹkan kan fi ṣe.

Ìyá Ìbejì, Georgia (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Mo fara mọ́ ohun tí arákùnrin wa láti Maryland sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a tún sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pa ogún sáà pọ̀, nọ́ńbà náà yóò sọ ibi tó ń jò fún yín, kò ní sọ ohun tó dá a lu. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni D, F àti W fi pọ̀ ní kíláàsì àkọ́kọ́ wa, gbogbo wa sì ti gbà lọ́kàn wa pé gírámà ló ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náwó, wọ́n pe ẹnì kan wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ọjọ́ méjì ló fi kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe àtúnṣe gírámà sí etí ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ohun tó yí padà.

Lọ́jọ́ kan, àwa mẹ́rin jókòó yí kọ̀ǹpútà kan ká, a ṣí ìwé máàkì wa lórí Canvas, ojú òpó tí a ń kó iṣẹ́ àti máàkì akẹ́kọ̀ọ́ sí, a sì ń wò ó láti orúkọ dé orúkọ. A kò wo máàkì àpapọ̀. Àlàfo kọ̀ọ̀kan là ń wò. Ohun tí a rí bà wá nínú jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba F ló gba C tàbí B nínú àròkọ àkọ́kọ́. Nígbà tó di àròkọ kejì, òdo. Iṣẹ́ tó tẹ̀lé e, òdo. Láti ibẹ̀ lọ, òdo ló tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ títí dé ìparí sáà. Àròkọ tí wọn kò fi sílẹ̀ rárá ló pa wọ́n, gírámà kọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ohun tí a sì ti ń ṣe láti ọdún yìí wá nìyẹn.

A wá mú ìwé tí a fi ń ṣàlàyé àròkọ kejì jáde. Ojú ewé mẹ́ta ni, ìlà rẹ̀ fún pọ̀, ọjọ́ tí wọn yóò fi sílẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta. Mo pe ọmọbìnrin kan tó ti lọ, ó ní òun ka ìwé náà nígbà mẹ́rin nínú ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, òun kò sì mọ ohun tí òun máa kọ́kọ́ ṣe.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ wa ní sáà tó tẹ̀lé e kò náni lówó. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé iṣẹ́ tirẹ̀ wá, ó gbé e fún olùkọ́ ẹ̀ka mìíràn, onítọ̀hún ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ ohun tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Olùkọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ló gba tèmi. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Mà, níbo ni iṣẹ́ náà wà?" Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún ìwé yẹn kọ.

Ará Ìwọ̀-Oòrùn Texas (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Mà, ẹ̀rí wà ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀ gan-an. Ní nǹkan bí 2011, àwọn aláṣẹ Odessa College yẹ àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń já kíláàsì sílẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé irú ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ń kọ́ kò ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Àwọn olùkọ́ kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kíláàsì wọn sílẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n máa kọ́. Àwọn olùkọ́ yìí ni wọ́n lọ bá. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n sì jókòó sí kíláàsì wọn.

Ọ̀nà ìkọ́ni wọn kò jọra. Ìwà mẹ́rin ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n ń tètè mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń fi orúkọ náà pè é. Wọ́n ń ṣọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe sí, wọ́n sì ń dá sí i lójú ẹsẹ̀ tí nǹkan bá fẹ́ yẹ̀. Wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ní òun nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ̀kẹrin ni pé òfin kíláàsì wọn ṣe kedere, síbẹ̀ wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn fọwọ́ wọ́nú fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wàhálà dé bá. Ohun mẹ́rin yìí ni wọ́n wá fi dá gbogbo olùkọ́ yòókù lẹ́kọ̀ọ́, iye àwọn tó ń já kíláàsì sílẹ̀ sì dín kù.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi orúkọ mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀ ná. Mẹ́fà tó wà lókè ni kí ẹ lọ bá.

Adjunct, New Jersey (Ọjọ́rú)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó dárúkọ àwa. Adjunct ni mí, ìyẹn olùkọ́ tí wọ́n ń sanwó fún ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ni lọ́sẹ̀ kan, inú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ mi sì ni ọ́fíìsì mi. Irú wa ju ìdajì lọ nínú àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní orílẹ̀-èdè yìí. Mà, ẹ wo ìwé yẹn dáadáa, kí ẹ sì sọ fún mi iye adjunct tó wà nínú àwọn mẹ́fà náà.

Kíláàsì tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọin-gbọin kò fẹ́ ni wọ́n ń fún wa: ti alẹ́, ti ọjọ́ Sátidé, èyí tí wọ́n ṣí ní ìkẹyìn fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pẹ́. Ẹ wá fi ìdá akẹ́kọ̀ọ́ tó yege lọ́dọ̀ wa wé ti ẹni tó ń kọ́ni ní aago 10 àárọ̀. Bí ẹ bá sì wá ṣètò ìdálẹ́kọ̀ọ́, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni, láìsí owó, nígbà tí mo wà lójú ọ̀nà láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì àti ẹ̀kẹta. Mi ò lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò nífẹ̀ẹ́ sí ìlọsíwájú.

Ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀. Wọ́n san owó wákàtí fún wa, wọ́n pín ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà sí wákàtí kan-kan ní aago 8 alẹ́ lórí fídíò, wọ́n sì fún mi ní àkọsílẹ̀ kíláàsì tèmi nìkan pẹ̀lú ti gbogbo kíláàsì alẹ́ lápapọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí nọ́ńbà ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti irú mi. Mo rí i pé lọ́dọ̀ mi, àárín ìdánwò kìíní àti ìkejì ni wọ́n ń lọ, nígbà tí ti àwọn yòókù ń lọ ṣáájú ìdánwò kìíní. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Ohun tí mo kọ́kọ́ yí padà ni pé ìwé ìdánwò kìíní kì í lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ lọ́wọ́ mi mọ́ kí n tó dá a padà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Olùkọ́ Ọrọ̀-Ajé, Dallas (Ọjọ́rú)

Àtúnṣe díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ nípa Odessa. Gbogbo ohun tí ẹ sọ tọ̀nà, àmọ́ ní 2014, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tún kó ọ̀pọ̀ kíláàsì rẹ̀ sí sáà ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ka ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà dípò mẹ́rin. Nítorí náà, ìtẹ̀síwájú tí ẹnikẹ́ni bá tọ́ka sí lẹ́yìn ọdún náà kì í ṣe ti ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nìkan. Mo sọ èyí kí díìnì má bàa rò pé bí olùkọ́ bá ti mọ orúkọ ọmọ, ó parí. Orúkọ mímọ̀ ṣe pàtàkì, àmọ́ ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́.

Olùkọ́ Ẹ̀dá Alààyè, Houston (Ọjọ́rú)

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, èrò mi yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì ni mo ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ní ẹ̀ka wa, ọdún kan gbáko la fi wo nọ́ńbà láìsí orúkọ: Olùkọ́ A, Olùkọ́ B. Gbogbo wa ló ń méfò, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sì pọ̀. Ní ọdún kejì, àwa fúnra wa la dìbò pé kí a ṣí orúkọ láàárín ara wa, kí ìwé náà má sì dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ kankan. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tó jókòó tì mí ní ìpàdé ló ń kọ́ orí tó ń dá mi lágara láì pàdánù akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí n wá wo kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ṣe wá láǹfààní ni pé ọwọ́ wa ni àṣẹ náà wà. Bí ìwé bá ti lè nípa lórí owó oṣù tàbí àtúngbà síṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ òtítọ́ nípa ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwa tí ohùn wa kò jọ ti ará ibí, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra ju àwọn yòókù lọ, nítorí nígbà tí wọ́n bá wá olùkọ́ tí wọn yóò dá lẹ́bi, ọ̀dọ̀ wa ni ojú kọ́kọ́ máa ń yí sí.

Olùdámọ̀ràn Akẹ́kọ̀ọ́, Illinois (Ọjọ́bọ̀)

Ìpínlẹ̀ wa níbí ni irú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ti ìjọba ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní Joliet ní 1901, kí ọmọ àdúgbò lè ka ọdún méjì àkọ́kọ́ yunifásítì láì kúrò nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣì ń gbé ilé, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú òbí, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ Ajé, mo sì ń retí ìgbà tí ẹnì kan yóò ní kí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè. Ìyá Ìbejì nìkan ló pe ẹnì kan.

Ìwé ìbéèrè CCSSE, tó ti ọ̀dọ̀ Yunifásítì Texas ní Austin wá, ń bi akẹ́kọ̀ọ́ bí ó ṣe ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ tó àti bí olùkọ́ ṣe ń tètè sọ fún un nípa iṣẹ́ rẹ̀ tó. Àwọn olùkọ́ náà ní ìwé ìbéèrè tiwọn. Ẹ gbé ìdáhùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú àwọn olùkọ́, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Ibi tí ìdáhùn méjèèjì kò ti bára mu ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ yín wà.

Ẹ lè fi iye àwọn tó gboyè kún un, nítorí òun ni ìjọba àpapọ̀ ń tẹ̀ jáde. Kí ẹ sì rántí pé òfin kò gbà kí olùkọ́ rí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti kíláàsì rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Àkọsílẹ̀, Maryland (Ọjọ́bọ̀)

Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ CCSSE wọ̀ mí lára púpọ̀. Méjì tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ tún ṣe.

Ìdá àwọn tó gboyè tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ń tẹ̀ jáde, tó ti inú òfin 1990 wá, àwọn tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń kàwé ní kíkún ni ó ń kà. Ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, irú wọn ló sì pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ìjọba ti ń gba àkọsílẹ̀ tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àmọ́ èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ni ó ń jáde. Kò lè sọ fún olùkọ́ ohun tó yẹ kó ṣe ní oṣù Kẹsàn-án.

Ní ti òfin, FERPA ti 1974, tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, gbà kí òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì rí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ ìkọ́ni rẹ̀ bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ló sì ń kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ìlànà rẹ̀. Ẹ ka ti kọ́lẹ́ẹ̀jì yín. Fún ìdálẹ́kọ̀ọ́, ẹ kò tilẹ̀ nílò orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Bí ẹ bá sì ń pín nọ́ńbà sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tàbí ẹ̀yà, ẹ má ṣe fi ẹgbẹ́ tí kò tó ènìyàn mẹ́wàá hàn, nítorí gbogbo kíláàsì ni yóò mọ ẹni tí ẹ ń sọ.

Olùkọ́ Ìṣirò, Texas (Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e)

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ pa sáà mẹ́fà pọ̀, wọ́n sì ya W kúrò lára F. Méjì péré nínú orúkọ mẹ́fà náà ló ṣẹ́kù nísàlẹ̀. Àbúrò wa láti New Jersey, òótọ́ lo sọ: mẹ́rin nínú wọn ni adjunct, mẹ́ta sì ń kọ́ni lálẹ́. Ní ti ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn tó dúró dé ìparí ní kíláàsì rẹ̀ ń yege ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Àwọn tó ń lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún ló fa nọ́ńbà rẹ̀ wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe bí Ìyá Ìbejì ti wí, mo sún mọ́ ọn. Ìdánwò àṣekágbá kan náà ni gbogbo kíláàsì wa ń ṣe, mo sì wo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìkọkànlá ni ọ̀pọ̀ jù ti ṣubú, pàápàá àwọn tó wà ní kíláàsì àtìlẹ́yìn. Mo yọ ìwé 15 jáde, mo ṣe ẹ̀dà wọn láìsí orúkọ, mo sì tò wọ́n sórí tábìlì. Nínú mọ́kànlá nínú wọn, níbi tí (x + 6)/x ti jáde, akẹ́kọ̀ọ́ fa x òkè àti x ìsàlẹ̀ nu, ó sì kọ 6 sílẹ̀. Bí ó bá fi 2 rọ́pò x ni, ì bá rí i pé 8 tí a pín sí 2 jẹ́ 4.

Mo pe olùkọ́ kíláàsì àtìlẹ́yìn méjì wá wo ìwé wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú wọn dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Àwa ni a kọ́ wọn bẹ́ẹ̀." Lọ́dọ̀ wọn, kí ìdá lè tètè yé ọmọ, wọ́n máa ń sọ pé ohun tó bá jọra lókè àti nísàlẹ̀, kí ó fà á nu. Ìyẹn tọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìsọdipúpọ̀, wọn kò sì mọ̀ pé lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà àwa yóò gbé ìròpọ̀ síwájú ọmọ kan náà. Àwa náà kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Láti ọdún tí òfin ti so kíláàsì méjèèjì pọ̀, a kò jókòó papọ̀ rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A gba akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, kálukú wa sì ń dá tirẹ̀ ṣe.

Mo gbé àwọn ìwé náà lọ bá díìnì. Mo sọ fún un pé mi ò ní kó ẹni mẹ́fà jọ. Olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan àti olùkọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ ni yóò jókòó pọ̀ ní wákàtí méjì kí sáà tó wọlé, àti wákàtí kan lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì wà níwájú wọn. Mo ní kí wọ́n san owó wákàtí yìí fún àwọn adjunct. Ó gbà fún sáà kan. Ìwé tó ní àwọ̀ pupa ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má pín in. Fún ti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún, ìyá náà àti olùkọ́ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ já kíláàsì rẹ̀ ti gbà láti máa wo kíláàsì ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n bá òun wá ẹnì kan.

Ohun kan ló ṣẹ́kù tí mo fẹ́ béèrè. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wákàtí wọ̀nyí ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Georgia (Ọjọ́ Ajé)

Ẹ má dúró de ìdá àwọn tó yege. Ẹ tún fi irú ìbéèrè kọkànlá yẹn sínú ìdánwò kejì, kí ẹ sì wo iye tó ṣì ń fa x nu.

Òṣìṣẹ́ Àkọsílẹ̀, Maryland (Ọjọ́ Ajé)

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ mà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kó ìwé ìdánwò sáà méjì tó kọjá jọ, kí ẹ ka iye tó ṣe àṣìṣe náà nínú wọn, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà náà. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń da ìwé ìdánwò àtijọ́ nù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bèèrè lọ́la.

Olùkọ́ Ìṣirò, Texas (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Mo ti rí wọn. Páálí méjì ni, wọ́n wà nínú yàrá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀la ni èmi àti àwọn olùkọ́ àtìlẹ́yìn méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.